Kọ́tìnnì Funfun Tí Dókítà Rí Nínú Ímeèlì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Ẹ fìdí kalẹ̀ ná, torí òfófó tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, kọ́tìnnì ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò tóbi: yàrá kan péré, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń gé aṣọ, àti kọ̀ǹpútà kan ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n faṣọ bò mọ́lẹ̀ bí ọmọ tí òtútù ń mú. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ rèé. Obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́, torí abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, yálà èyí tó fi ń ránṣọ tàbí èyí tó fi ń gún èèyàn. Èmi ni ẹnìkẹta, kọ̀ǹpútà sì niṣẹ́ tèmi. Ẹ fẹ́ mọ bí mo ṣe di ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà? Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi bèèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n tàn. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ó tàn. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, èmi náà ò sì wá ìjà wọn, mo ń jẹ́ ẹ.

Ẹ wá gbọ́. Dókítà kan ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun, fèrèsé mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn o. Ó ti lé lóṣù mẹ́fà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ṣọ́ọ̀bù wa kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí èyí bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á gbé ẹ̀rọ kan padà sí pálọ̀ ìyá ọkọ òun. Ẹ ò mọ ìyá ọkọ ẹ̀. Obìnrin yẹn lè jókòó tì yín látàárọ̀ dọ̀sán, kó máa ka iye ìgbà tẹ́ ẹ dìde.

Dókítà ọ̀hún ò sí nílé, òun àti ìyàwó ẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ ra ohun èlò ilé ìwòsàn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó fọ́tò àwọn kọ́tìnnì tó lè rán sínú ímeèlì, káwọn lè mú ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù, pé ojú òun ò gbé ohun kékeré mọ́, orí kọ̀ǹpútà ńlá lòun ti ń ka ìwé. Ó fún wa di Fúráìdé. Kó tó pa fóònù, ó tún sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí pé aránkọ́tìnnì mìíràn ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Wẹ́rẹ́ yẹn ni ò jẹ́ kí oúnjẹ ó lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi.

Mọ́ńdè la to fọ́tò mẹ́jọ, èyí elésè àlùkò, èyí olódòdó, èyí aláwọ̀ ìyeyè tó ní ewé ńláńlá. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra ẹ̀ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ lẹ́tà tó máa ṣáájú wọn. Ó fi àwọ̀ àlùkò kọ ìkíni. Ó fi pupa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù gàdàgbà. Ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó rò pé ó ṣe pàtàkì, gbogbo ẹ̀ ló sì rò pé ó ṣe pàtàkì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ó mọ níbẹ̀."

Ó ní, "Dákẹ́ jàre. Ṣé lẹ́tà ìkéde òkú ni mò ń kọ ni?"

A fi í ránṣẹ́. Túsìdé, kò sí èsì. Wẹ́sìdé láàárọ̀, èsì dé. Dókítà ní, "Lẹ́tà yín dé, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni mo rí. Fọ́tò dà?"

A wo ìsàlẹ̀ èsì yẹn, lẹ́tà tiwa wà níbẹ̀ tó tẹ̀ lé e padà wálé. Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́tà ti pá lórí. Kò sí pupa, kò sí àlùkò, kò sí ìlà kankan. Gbogbo ọ̀rọ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàìsàn dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò ó.

Ìyá Abẹ́rẹ́ na ọrùn wò ó náà. Ó ní, "Ọ̀nà ló jìn. Àwọ̀ ti ṣí dànù kó tó débẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé ẹ má ra ohun tó bá ti ń dán jù."

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà," ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ohùn tó fi pè mí yẹn, màámi máa ń lò ó tí mo bá fọ́ àwo.

Mo bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, mo ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Orí bá mi ṣe é. Mo rí ibì kan lókè níbi tí wọ́n ti ń yan irú lẹ́tà téèyàn fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà lásán, tí kì í gba ọ̀ṣọ́, tí kì í gba àwòrán. Ìkejì ló ń gba gbogbo ẹ̀. Orí lẹ́tà lásán ni tiwa wà. Ta ló fi í síbẹ̀? Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ èmi, nígbà tí mò ń nu eruku lára ẹ̀ lọ́jọ́sí.

Mo yí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi tún gbogbo ọ̀ṣọ́ ẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kò dá ìlà kan sí. Ó wá ku fọ́tò. Bí mo ṣe fẹ́ kó wọn sí i, ẹ̀rọ bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní ṣé kí òun gbé fọ́tò náà sínú lẹ́tà ni, àbí kí òun kàn tọ́ka síbi tó wà? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Fọ́tò mẹ́jọ, ọ̀nà jíjìn, Dókítà kì í ṣe alábàárù. Mo ní kó tọ́ka sí i, kí ẹrù má baà wúwo. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn débi pé mo sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́. Òun náà ní, "O mà ṣe dáadáa. Ẹrù tó bá fúyẹ́ ló ń tètè dé."

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo ṣí ibi tí àwọn lẹ́tà tá a ti fi ránṣẹ́ máa ń wà, kí n lè fi han ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń dán gbinrin. Òdòdó ń wò wá, ewé ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ní, "Tí èyí ò bá wù ú, a jẹ́ pé ojú ẹ̀ ti fọ́ nìyẹn."

Tọ́sìdé, bí aago mẹ́wàá, fóònù dún. Dókítà ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ohùn ẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Màdáámù, a ti rí i. Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà kẹrin ló wù mí."

Aláwọ̀ ìyeyè ni nọ́ńbà kẹrin, èyí tó ní ewé ńláńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ lójú."

"Ó mọ́ tónítóní. Ó tutù lójú. Funfun báláú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, àmì àgbélébùú pupa kékeré ní kọ̀rọ̀ òkè. Ohun tó yẹ ilé ìwòsàn gan-an nìyẹn. Báwo lẹ tiẹ̀ ṣe ronú kàn án?"

Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan. Kó tó rí nǹkan sọ, ohùn obìnrin kan ti wọlé láti ẹ̀yìn. Ìyàwó Dókítà nìyẹn.

"Èmi ò gbà o. Ẹ sọ fún wọn pé nọ́ńbà kejì ni. Ìkẹrin ti fẹ̀ jù."

"Ìkejì kẹ̀? Ìkejì rí pẹlẹbẹ bí aṣọ orí tábìlì."

"Ìkẹrin tìẹ rí bí aṣọ ìbora. Àwọn aláìsàn á rò pé wọ́n fẹ́ bo àwọn lójú."

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú. Ó ní, "Ẹ ò wo ìkẹta wò, sà? Màámi?"

Tọkọtìyàwó jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ìkẹta ò ní láárí." Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn.

"A ó parí ẹ̀ láàárín ara wa," Dókítà sọ. "Ohun kan ló kù. Ìwé wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ kọ sára aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì pupa yẹn, ojú mi ò gbé e dáadáa. Mo lérò pé bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sẹ́yìn aṣọ. Kò dáa kéèyàn máa ka bí wọ́n ṣe ń fọṣọ lójú fèrèsé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ó gbé e sẹ́yìn, sà."

Fóònù kú. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, nǹkan tí kì í ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Ó ní, "Funfun wo?"

A ṣí lẹ́tà yẹn padà. Nọ́ńbà kẹrin, ìyeyè, ewé. Nọ́ńbà kejì, àlùkò. Kò sí funfun kankan nínú ẹ̀, àfi eyín ẹ̀gbọ́n mi.

"Ti ẹnìkejì ló ń wò," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Ọkùnrin yẹn ti ṣí lẹ́tà aránkọ́tìnnì kejì, èmi ló wá ń kí kú iṣẹ́. Tó bá yá á mọ̀. Pálọ̀ ìyá ọkọ mi, mò ń bọ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "Ṣé ẹ ti gba ọpẹ́ ẹ̀? Ẹ gbaṣẹ́ ẹ̀ náà."

Èmi ò fẹ́ gbà, mo fẹ́ wo bí lẹ́tà wa ṣe ń rí lọ́dọ̀ ẹni tó bá gbà á. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Bàbá Onílẹ́tà lókè. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, òkè ṣọ́ọ̀bù wa ló ń gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún un. Láràárọ̀ lá tàn án, á wò ó, á ní "Lẹ́tà ò sí lónìí," á pa á. Inú ẹ̀ dùn nígbà tí mo ní mo fẹ́ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí i. Ó wọ dígí ẹ̀, ó tún bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ dè.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo fi lẹ́tà yẹn gan-an ránṣẹ́ sí i, mo tún sáré gòkè. Ó ti dé. Lókè lẹ́tà, ẹ̀rọ kọ ọ́ sí i pé òun ṣì dá àwọn àwòrán dúró nítorí ààbò, kí a tẹ ibẹ̀ bí a bá fẹ́ kí wọ́n wọlé.

Bàbá ní, "Ó jọ ti bodè. Wọ́n dá ẹrù dúró kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bọ́gbọ́n mu." Ó tẹ̀ ẹ́. A dúró. Àwòrán ò wá. Ohun tó wá ni àpótí funfun mẹ́jọ, òmíràn fẹ̀, òmíràn pẹlẹbẹ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká, àmì pupa kékeré ní kọ̀rọ̀ òkè. Ìwé wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Bàbá sún dígí sókè, ó kà á fún mi: ẹ̀rọ ní òun ò lè fi àwòrán yìí hàn, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e kúrò níbi tó wà, tàbí kí wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ padà.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ rèé o.

Ẹ̀rín gbé mi ṣánlẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá oníbàbá láìgbàyè. Òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kì í fi ṣeré.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ fi fọ́tò sínú àpòòwé ni, àbí ẹ kàn kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé fọ́tò wà nílé?"

"Mo ní kó tọ́ka sí i ni, sà. Kó má baà wúwo."

"Ẹn-ẹ́n. Lẹ́tà yín ti rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní fọ́tò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn tó kọ òun. Èmi ò ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé lẹ lè rí i." Ó bọ́ dígí, ó ń nù ún. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà, ọmọ mi. Mo rí ẹni tó fi adìẹ ránṣẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó yọ ohun inú àpòòwé kí ọwọ́ má baà ro mí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ròyìn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé àwọn aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyẹn ni pé látàárọ̀, ọkùnrin yẹn àti ìyàwó ẹ̀ ń jà lórí ohun tí ò sí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "Wọ́n sì rí èyí tó dáa jù mú nínú ẹ̀."

Èmi dá ìmọ̀ràn tèmi. Mo ní aṣọ funfun pọ̀, òwú pupa pọ̀, ẹ jẹ́ ká rán ohun tó fẹ́, ká pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan tó gbọ́n bá wá rí lẹ́tà yẹn lójú kọ̀ǹpútà Dókítà lọ́la, tó sì sọ fún un pé àṣìṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi bo fèrèsé mẹ́rìnlélógún fún un, wọ́n á ní òun lù ú ní jìbìtì. Ó ní kí n fi fọ́tò gidi ránṣẹ́.

Fúráìdé, a dé tàárọ̀tàárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé fọ́tò sínú lẹ́tà fúnra ẹ̀, kó wúwo bó bá ṣe fẹ́ wúwo. Mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sókè. Kò pẹ́ tí Bàbá Onílẹ́tà yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Àwòrán dé. Mo rí òdòdó. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó dé." Ìgbà yẹn la fi í ránṣẹ́ sí Dókítà.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi pè.

"Màdáámù, kí lẹ tún fi ránṣẹ́ sí mi yìí? Ta ló ní kí ẹ kó òdòdó wá? Ilé ìwòsàn ni mò ń kọ́, kì í ṣe ilé ijó. Ẹnìkejì yín náà, òdòdó ló fi ránṣẹ́, ìyẹn ni mi ò ṣe mú tiẹ̀. Àwọn funfun dà?"

Ẹ ò rí ayé. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, àtúnṣe la fẹ́ fi lé e lọ. Mo fi ìka sẹ́nu, mò ń fojú bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Abẹ́rẹ́ ń mi orí bí aláǹgbá. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wo kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ló bá la ẹnu.

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn funfun yẹn ò sí. Fọ́tò tí ò ṣí lẹ rí. Ẹ̀rọ ló fi àpótí òfìfo dí àyè wọn. Ìwé tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ló ń tọrọ gáfárà."

A wá ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó Dókítà lẹ́yìn, ẹ̀rín tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ó ní, "Mo sọ fún ọ pé ìkẹrin ò dáa."

Dókítà ní, "Ìkejì tìẹ náà ò sí."

"Bí ò tiẹ̀ sí, ó dáa ju tìẹ lọ."

Dókítà wú ikọ́ díẹ̀. "Màdáámù. Èyí tí ò sí yẹn, ṣé ẹ lè rán an?"

"A lè rán an, sà."

"Ẹ rán an. Èmi ń fẹ́ ìkẹrin, ìyàwó mi ò yé sọ ìkejì. Ẹ rán méjìlá méjìlá, kí ilé mi lè tòrò."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Aṣọ tó bá bo ọ̀kan, òun náà ló máa bo ìyókù. Kò sí ìkejì, kò sí ìkẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òtítọ́ fọ ẹnu tán, mo gbọ́ ọ tó ní, "Kò burú, sà. Méjìlá, méjìlá."

A rán an fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló fọwọ́ kọ́ àmì pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ó ń ṣépè fún kọ̀ǹpútà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tá a gbé àkàbà lọ kọ́ wọn, apá ọ̀tún lẹ̀gbọ́n mi pè ní ìkejì, apá òsì ló pè ní ìkẹrin. Ìyàwó Dókítà dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí i pé tèmi rẹwà jù?"

Dókítà ní, "Ojú ẹ ló ń dùn ẹ́. Tèmi ló fara balẹ̀." Ló bá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo wa, èwo ló dáa jù?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo èmi. Èmi wo Ìyá Abẹ́rẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ mú abẹ́rẹ́ kan, ó fi sẹ́nu, ó yíjú sógiri. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Sà, màámi, ìkejì dára lójú ọ̀sán, ìkẹrin dára lójú alẹ́." Inú àwọn méjèèjì dùn. Wọ́n dúpẹ́ títí, wọ́n sìn wá dé ẹnu geètì.

Látọjọ́ náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń jiyàn. Mo ní ẹni tó sọ òtítọ́ nígbà tó lè tìtorí ẹ̀ pàdánù ṣọ́ọ̀bù, kí ló dé tó wá purọ́ nígbà tí iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́? Ó ní ìyẹn kì í ṣe irọ́, pé ìtọ́jú ilé onílé ni. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ká ní ẹ̀yin lẹ dúró láàárín gbọ̀ngàn yẹn, tí tọkọtìyàwó ń wò yín lẹ́nu, ṣé ẹ̀ bá sọ fún wọn pé ọ̀kan náà ni, àbí ẹ̀ bá gbé àkàbà yín kẹ́ ẹ máa lọ sílé?